Obì Tí Bàbá Onílé Kọ̀ Láti Pa

Bí ènìyàn bá fẹ́ wọ ilé ní ìlú onílùú, kò le. Á béèrè yàrá, wọn á fi hàn án, á wo òrùlé bóyá ó ń jò, á wo kànga bóyá omi rẹ̀ mọ́, á gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé. Ìjáde ni iṣẹ́ wà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo gbé ilé onílé káàkiri kí n tó kọ́ tèmi, kò sì sí ìjáde tó mú mi làágùn bí ìjáde ilé tí mo kọ́kọ́ gbé ní Ọ̀wọ̀.

Ọdún tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá ni. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó yóò rántí pé wọ́n ti kéde rẹ̀ tipẹ́, wọ́n dá ọjọ́ fún wa, gbogbo ìlú sì gbọ́. Ológun tó mú ìbọn lọ́wọ́ fún wa ní nótíìsì, a gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi tí n kò ní ju rédíò kan àti bẹ́ẹ̀dì onírin lọ, nótíìsì tèmi ni kò rẹ́ni gbà.

Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba ni ó gbé mi dé ibẹ̀ láti apá Òkè Ògùn. Èmi ni mò ń ya fọ́tò egungun, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́síréè. Nínú ilé tí mo wọ̀, Dókítà ni orúkọ tí wọ́n fún mi láti ọjọ́ kìíní. Mo sọ títí pé n kì í ṣe dókítà, kò wọ̀ wọ́n létí. Lójú wọn, ẹni tó lè rí egungun ènìyàn nígbà tí ẹran ṣì bò ó, kí ni dókítà tún fẹ́ ṣe tó ju ìyẹn lọ? Àwọn kan nínú wọn kì í tilẹ̀ fẹ́ dúró pẹ́ níwájú mi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà dé orí rẹ̀.

Ilé amọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lára, páànù orí rẹ̀ sì ti pọ́n bí ẹ̀wù oko. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan wà ní àárín, yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì. Bàbá Onílé ń gbé yàrá iwájú. Àgbà ni, ìran tó kọ́kọ́ gbin kòkó sí Ìdáṣẹn ni, ẹsẹ̀ ni ó sì fi ń lọ oko náà. Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́ ni ó ń bá àwa àlejò sọ. Bí inú bá bí i, á bọ́ sínú èdè Ọ̀ghọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe ń pe ìlú wọn, àwa á sì máa mi orí bí ẹni tó gbọ́.

Ohun kan wà tí Bàbá fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀: ayálégbé kan kò fi ìjà jáde nílé rẹ̀ rí. Òótọ́ sì ni. Àwọn tó jáde, ọkọ ni wọ́n bá lọ, tàbí ilé tí wọ́n kọ́ fúnra wọn, tàbí ọ̀run.

Lẹ́yìn Bàbá, àwa mẹ́rin ni ó kù. Ìyá Alákàrà wà, opó tó ń dín àkàrà lójú ilé láti ìdájí. Kọ́púrà wà, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kun bàtà rẹ̀ ní dúdú láràárọ̀ tí kò sì lọ síbì kankan. Ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní Pólì wà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni èmi.

Ìyàwó mi ńkọ́? Tíṣà ni, ní Ùsò. Ibẹ̀ ni ó ń gbé, èmi ń gbé Ọ̀wọ̀, òpin ọ̀sẹ̀ ni a ń rí ara wa. Ó wá bímọ, àkọ́bí wa, ó sì lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ẹmùré-Ilé kí ara rẹ̀ lè mókun. Bí ó ti wà níbẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ilé-ìwé kan ní Ọ̀wọ̀. Ó ránṣẹ́ sí mi pé bí oṣù yìí bá ti parí, òun ń bọ̀, ọmọ ń bọ̀, ìyá òun náà ń bọ̀ láti máa wẹ ọmọ.

Mo wo yàrá mi. Bí mo bá na ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, àtàǹpàkò mi ti kan ìlẹ̀kùn. Níbo ni n ó fi ìyá ìyàwó sí? Àna ẹni kì í ṣe ohun tí a ń tẹ́ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ni mo bá wá ilé kiri. Mo rí yàrá méjì pẹ̀lú pálọ̀ ní ọ̀nà Ìkàrẹ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síbẹ̀, ẹ̀rọ omi sì wà lágbàlá. Ẹni tó ni ín jẹ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba, tó wọ gíláàsì, tó sì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fi gbogbo ilé hàn mí tán, ó wá béèrè pé ta ni onílé mi níbi tí mo wà. Mo sọ fún un. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Ìyẹn?" ó ní. "Ẹgbẹ́ kan náà ni wá. Lọ́jọ́ Àìkú, ìjókòó kan ṣoṣo ni ó wà láàárín èmi àti òun ní ṣọ́ọ̀ṣì. N kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó tú u sílẹ̀. Lọ fún un ní nótíìsì. Bí ó bá ti gbà á, wá gba kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n kí ó má ju òpin oṣù lọ o, nítorí olùkọ́ Pólì kan ti ń yọjú sí ilé yìí."

Mo ní ìyẹn kò le. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹnu mi.

Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kọ lẹ́tà, kí n jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní táípù. Mo rò ó wò. Ẹni tí mò ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ látinú yàrá mi, tí òun náà ń gbọ́ tèmi, a óò wá máa kọ lẹ́tà síra wa bí ẹni tó wà ní òkè òkun? Rárá. Mo ní ọmọlúàbí ni mí, n ó ṣe é bí ọmọlúàbí. Mo ra obì àbàtà kan, olójú mẹ́rin, ó tóbi bí ìkúùkù ọmọdé. Mo gbé e sínú àwo, mo jí ní kùtùkùtù kí Bàbá tó gba oko lọ, mo sì kan ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Ní ìlú tèmi, obì kò ní àkókò. Ìgbà tí o bá gbé e dé, ó dé. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ní apá ibẹ̀, bí obì bá wọ yàrá àgbà kí oòrùn tó yọ, kì í ṣe ìkíni mọ́, ẹjọ́ ni. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni í gbé e wá. Ìrọ̀lẹ́ ni ti obì ìkíni. Àgbà kì í sì í pa obì ẹjọ́ títí ẹni tó ṣẹ̀ yóò fi yọjú láti jẹ nínú rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ẹ kú àbójútó wa."

Bàbá wo obì. Ó wo ojú fèrèsé, ó rí i pé ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa. Ó wá wo mí.

"Ta ni?" ó ní.

"Ta ni báwo, Bàbá?"

"Ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, Bàbá. Mo fẹ́ kó jáde ni. Mo ní kí n wá fún yín ní nótíìsì."

Bàbá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ó ti wá burú tó bẹ́ẹ̀," ó ní.

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti ìyàwó, mo sọ ti ọmọ, mo sọ ti ìyá ìyàwó àti àtàǹpàkò mi. Ó ń gbọ́, ó ń mi orí, bí àgbà ṣe ń mi orí fún ọmọdé tó ṣubú tó ní kò dun òun. Nígbà tí mo parí, ó gbé àwo obì náà, ó gbé e sórí fèrèsé.

"Obì rẹ nìyẹn," ó ní. "N kò ní pa á. Inú ilé mi kọ́ ni àlejò yóò ti fi ìbínú jáde, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. O mọ ohun tí ìlú yìí yóò sọ? Wọn á ní mo lé abiyamọ síta. Mo ti dàgbà jù láti gbọ́ irú rẹ̀. Lọ síbi iṣẹ́. Bí o bá dé ní ìrọ̀lẹ́, a ó rí ẹni náà."

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti to àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ilé pé. Ìyá Alákàrà di ọwọ́ lé àyà, ọmọ Pólì wo ilẹ̀, Kọ́púrà jókòó ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Àwo obì wà ní àárín lórí àpótí.

Bàbá ní, "Dókítà fẹ́ kó jáde. Mo béèrè ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ó ní kò sẹ́ni kankan. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́."

Wọ́n gbọ́. Wọ́n mí kanlẹ̀. Lójú wọn, ẹni tó bá bínú á sọ; ẹni tó bá ní òun kò bínú rárá, tó sì ń di ẹrù, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti dé egungun.

Kọ́púrà wúkọ́. "Ẹni tó bá jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀," ó ní, "ìjìyà rẹ̀ máa ń fúyẹ́. Mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́."

Ìyá Alákàrà ni ó kọ́kọ́ dìde. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fa ọ̀rọ̀ gùn," ó ní. "Omi ni."

Bàbá ní, "Omi wo?"

"Omi ẹ̀rọ tí Dókítà ń rà sínú dúrọ́ọ̀mù. Mo máa ń bù ú ní ìdájí láti fi lọ ẹ̀wà. Omi kànga máa ń mú àkàrà le. Ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kí ó dín o. Ti kànga ni mo fi ń dí i."

Mo la ẹnu, n kò lè pa á dé. Gbogbo àlejò tó bá tọ̀ mí wá ni mò ń bu omi inú dúrọ́ọ̀mù yẹn fún, tí n ó sì máa ṣàlàyé fún wọn pé ahọ́n mi kò gba omi kànga láti kékeré.

"Ẹ sì ń gbádùn rẹ̀, Dókítà," ó ní. "Mo máa ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń yìn ín. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé ẹ rí mi. Ẹni tó ń rí egungun, ṣé omi ni kò ní rí?"

Ọmọ Pólì náà dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "adìẹ yín yẹn, tí a ní àṣá gbé."

Mo ní, "Ẹn-ẹ́n?"

"Àṣá kọ́."

Ìyá Alákàrà yí ojú sí i. "Ìwọ yìí? Ìwọ tí o ń sọ òkò sójú ọ̀run, tí o ń ṣépè fún àṣá, tí mo fún ọ ní àkàrà nítorí pé ó dùn ọ́ ju ẹni tó ni ín lọ?"

"Ó dùn mí lóòótọ́, Ìyá."

"A gbọ́. Adìẹ ló dùn ọ́."

Bàbá gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́, ó sì yí ojú sí Kọ́púrà. Kọ́púrà ń wo òrùlé.

"Kọ́púrà," Bàbá ní.

"Sà."

"Ìwọ náà tí o mọ bí ìjẹ́wọ́ ṣe ń fúyẹ́."

Kọ́púrà dìde, ó pa gìgísẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ó ní àwọn àgbẹ̀ kan máa ń ti oko wá, tí wọ́n ń béèrè ilé ẹni tó ń ya fọ́tò egungun. Òun a máa sọ fún wọn pé òun ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá kan náà, kí wọ́n gbé iṣu tí wọ́n rù wá sílẹ̀, òun yóò bá mi sọ̀rọ̀.

"Ṣé o ń bá a sọ̀rọ̀?"

"Rárá, Bàbá. Ìwà àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ìyẹn yóò jẹ́. Wọ́n ń tò bí gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọkàn wọn máa ń balẹ̀ lórí ìlà."

"Iṣu náà ńkọ́?"

"Mò ń gún un, Bàbá."

Ẹ wò mí. Ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ni Kọ́púrà ń pè mí síbi iyán, tí n ó jẹ ẹ́, tí n ó pọ́n ọwọ́ lá, tí n ó sì dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iyán ara mi ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún.

Mo dìde, mo ní mo ti dárí ji gbogbo wọn. Òótọ́ ni mo sì sọ. Kí ni n ó fi omi kànga ṣe bínú, nígbà tí mo ti mu ún tó bẹ́ẹ̀ tí kò pa mí? Wọ́n dúpẹ́, wọ́n súre fún mi. Bàbá na ọwọ́ sí obì. Ọwọ́ náà dúró sójú afẹ́fẹ́.

"Dókítà," ó ní, "ṣé o ṣì ń lọ?"

"Mò ń lọ, Bàbá."

Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ kò sí nínú àwọn wọ̀nyí nígbà náà," ó ní. Ó gbé àwo rẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ.

Láti ọjọ́ kejì ni ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. N kò tíì jí tí àkàrà gbígbóná ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ọmọ Pólì ń pọn omi ẹ̀rọ kún dúrọ́ọ̀mù mi, Ìyá Alákàrà ń jẹ́rìí sí i pé ẹ̀rọ ni. Ọmọ Pólì ra àkùkọ kan fún mi dípò adìẹ, àkùkọ náà sì yan ojú fèrèsé mi láti máa kọ. Kọ́púrà gbé iṣu wá, ó ní ti òun gan-an ni, òun rà á ni. Bí mo bá mọ̀ pé báyìí ni nótíìsì ṣe ń dùn, ǹ bá ti máa fún wọn lóṣooṣù.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń lọ. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé Bàbá kọjá kí n lè wo obì mi. Ó wà níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ pọ́n, ó wá dúdú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí hunjọ bí ojú ẹni tó ń ronú. Mo lọ sí ọ̀nà Ìkàrẹ́, bàbá onígíláàsì béèrè pé, "Ó ti pa á?" Mo ní kò tíì pa á. Ó ní, "Èmi náà kò lè ṣe nǹkan kan." Mo wo inú pálọ̀, mo rí olùkọ́ Pólì tó fi okùn wọn fèrèsé, ó ní kọ́tìnì ni òun fẹ́ rán. Ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo kí i padà, mo sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí n kò lọ síbi iṣẹ́, Bàbá wá sí yàrá mi. Kò wá síbẹ̀ rí. Ó jókòó sórí àpótí aṣọ mi, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo ìlẹ̀kùn.

"Mo ti rò ó," ó ní. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin báwo, Bàbá?"

"Ìyàwó rẹ bímọ, n kò lọ kí i. Mo ní orúnkún ni. Ṣùgbọ́n orúnkún tó ń dé Ìdáṣẹn, kí ni kò jẹ́ kó dé Ẹmùré, nígbà tí ọkọ̀ tilẹ̀ ń lọ síbẹ̀? Mo rò pé o kò kà á sí. O kà á sí."

"Bàbá, mo fi Ọlọ́run búra, ọ̀rọ̀ yẹn kò wá sọ́kàn mi rí."

Ó fi ọwọ́ lé mi léjìká kí ó lè fi mí dìde. "O kò ní sọ," ó ní. "Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni ọ́. Ìyẹn ló wá dùn mí jù."

Ó jáde. Mo jókòó, n kò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹmùré-Ilé.

Ìyàwó mi ń fún ọmọ lọ́mú nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi obì, ó dá mi dúró.

"Nígbà wo ni ẹ gbé e lọ?"

"Láàárọ̀ kùtù."

"Kí ilẹ̀ tó mọ́?"

"Kí wọ́n tó gba oko lọ ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín títí ọmú fi bọ́ lẹ́nu ọmọ, tí ọmọ sì fajú ro sí mi bí ẹni pé èmi ni mo gbà á. Ó wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ obì òwúrọ̀ àti obì ìrọ̀lẹ́ fún mi. Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún mi látọjọ́ yìí. Ó ní ta ló mọ̀ pé mo fẹ́ pe àgbà lẹ́jọ́.

"Ìyẹn pàápàá kọ́ ni àṣìṣe yín," ó ní. "Àṣìṣe yín ni pé ẹ ní ẹ ń lọ. Ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá kì í dá lọ. Wọ́n máa ń sìn ín lọ ni. Ṣé ẹ ní kí wọ́n wá sìn yín?"

N kò ní bẹ́ẹ̀. Mo ní nótíìsì ni mo fún wọn.

A dé Ọ̀wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òun, èmi àti ọmọ. Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn yòókù jókòó yí i ká, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti gbé obì lọ, ẹjọ́ mi ni wọ́n fi ń jẹun alẹ́. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó tú ọmọ lẹ́yìn, ó gbé e lé Bàbá lẹ́sẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹ kò lè wá wò ó, òun ló wá wò yín."

Bàbá gbé ọmọ náà sókè. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ìwọ ló kù tí a kò tíì bi. Ta ló ṣẹ̀ bàbá rẹ nínú ilé yìí?"

Ọmọ náà yán, ó yán tí a fi rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó gbé orí lé àyà Bàbá, ó sì sùn.

"Ẹlẹ́rìí ti sọ̀rọ̀," Kọ́púrà ní.

Ìyàwó mi kò jẹ́ kí ó tutù. "Bàbá, yàrá ni kò gbà wá mọ́. Ẹnìkan ní òun fẹ́ gbà wá ní ọ̀nà Ìkàrẹ́, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ ọ́n, a kò mọ bí ó ṣe ń ṣe. Ọkọ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni. Ẹ wá bá wa wo ẹni náà. Bí ẹ bá rí i pé ó yẹ, ẹ sìn wá lọ."

Ojú Bàbá là. Ó ní, "Kí n sìn yín lọ?"

"Ta ni à bá tún ní kó sìn wá, Bàbá?"

"Ta ni ẹni náà?"

Mo dárúkọ bàbá onígíláàsì. Bàbá rẹ́rìn-ín láti imú. "Ìyẹn. Ṣé ìyẹn mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ènìyàn? Kò burú. N ó kọ́ ọ."

Lọ́jọ́ Sátidé, tí oṣù kò tíì parí, a gbéra. Kọ́púrà ni ó ṣíwájú pẹ̀lú rédíò mi léjìká, bàtà rẹ̀ ń kọ mànà, ó ti rí ibi tí yóò wọ̀ ọ́ lọ. Ọmọ Pólì àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbé bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Alákàrà di àkùkọ mú, ó ní òun kò lè fi í sí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ìyàwó mi pọn ọmọ. Bàbá wà ní àárín pẹ̀lú agbádá àti ọ̀pá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwo obì. Àwọn ènìyàn ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń béèrè ìyàwó ta ni wọ́n ń sìn lọ. Bàbá ń dá wọn lóhùn pé, "Ayálégbé mi ni." Ó ń gbé e jáde lẹ́nu bí oyè.

Bàbá onígíláàsì pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n jókòó. Bàbá kò yára. Ó ní ọmọ yìí máa ń kọrin níbi tó bá ti ń wẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dá a lẹ́kun. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìdájí, kí wọ́n jẹ́ kí ó sùn. Adìẹ rẹ̀, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Ó wo ọmọ Pólì níbẹ̀. Omi ẹ̀rọ ni ó gbà pé òun ń mu, kí wọ́n má bá a jiyàn.

"N kò tà á fún ọ o," ó ní. "Mo fi í sọ́dọ̀ rẹ ni."

"Mo gbọ́," bàbá onígíláàsì dáhùn. "Ọwọ́ rẹ ni mo ti gbà á. Ọwọ́ rẹ náà ni n ó dá a padà sí."

Ìgbà náà ni Bàbá gbé obì. Ó fi èékánná rẹ̀ wá ojú ibi tí yóò gbà là á, èékánná kò wọlé. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Kọ́púrà bá a fi èèkù ọ̀bẹ gbá a kí ó tó là. Wọ́n pín in, ó kàn wá. Mo ti jẹ obì púpọ̀ láyé mi, n kò jẹ èyí tó dà bí igi ìlẹ̀kùn rí. Àwọn àgbà méjèèjì ń yí i láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sí èkejì, eyín wọn kò sì pọ̀ mọ́.

"Obì yìí dára," bàbá onígíláàsì ní, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó dára," Bàbá ní. "Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni."

Ni wọ́n bá gbé kọ́kọ́rọ́ fún ìyàwó mi, ó sì so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti tú, Bàbá á ya ọ̀dọ̀ wa. Á wo òrùlé, á ṣí ẹ̀rọ omi wò, á di apá mi mú bóyá mo ti rù, á wá wo bàbá onígíláàsì tìkàtẹ̀gbin kí ó tó gba oúnjẹ. Yàrá mi àtijọ́, kò fún ẹnikẹ́ni. Ó ní iṣu ni òun ń kó síbẹ̀.

A gbé ibẹ̀ títí a fi bí méjì sí i. Ó ku díẹ̀ kí àwọn ológun tún padà dé, tí wọn kò tilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní nótíìsì nígbà tiwọn, ni wọ́n gbé iṣẹ́ mi lọ sí Òkìtìpupa. Mo ti gbọ́n nígbà yẹn. Mo ra obì tuntun, mo dúró kí oòrùn rẹlẹ̀ dáadáa, mo gbé e lọ bá bàbá onígíláàsì, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ fún un.

Ó wo obì, ó wo ojú ọ̀run. "Obì yìí tutù," ó ní. "Àkókò rẹ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni mo ti gbà ọ́?"

Mo dìde, mo gbé àwo mi, mo gba ọ̀nà ilé àtijọ́ lọ. Bàbá wà lójú ilé lórí àga, orúnkún rẹ̀ kò gbé e dé oko mọ́. Ìyá Alákàrà ń lọ ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kí wọn, mo sọ ohun tó gbé mi wá.

Bàbá wo obì tó wà lọ́wọ́ mi. Ó wá ọ̀pá rẹ̀, ó rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti fi ọ́ síbẹ̀. Sọ fún mi. Ta ló ṣẹ̀ ọ́?"